Ẹ Di Ẹrù Yín Kó Le, Ẹ Má Fi Pa Wá

Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù lé ọkọ̀ láìdì í, ẹ̀yin tí ẹ ń fi okùn wọ́ ọkọ̀ tó ti kú káàkiri títì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ̀mí tiyín nìkan kọ́ lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́. Tiwa náà wà níbẹ̀, ẹ ò sì bi wá kí ẹ tó fi lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí irin ìkọ́lé. Irin tí wọ́n ń tà lọ́jà, mítà 12 ni gígùn rẹ̀. Pikọ́ọ̀pù tó ń gbé e, láti imú dé ìdí, kò tó ìdajì ìyẹn. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á ká irin náà sí méjì, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ orí ọkọ̀, èyí tó bá gùn jù á máa wọ́ nílẹ̀, á máa ta iná páràpárà lórí ọ̀dà. Ọ̀kan wà níwájú mi ní Ìwó Road n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Okùn tí wọ́n fi so ó, okùn tí a fi ń sá aṣọ ni. Wọ́n kó ọ̀rá pupa kan tó ti ya bọ ẹnu irin náà, àmì ìkìlọ̀ nìyẹn lójú tiwọn. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, irin á rọ́ síwájú. Bó bá tún tẹná, á yọ̀ padà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á sì dọ́gba pẹ̀lú gíláàsì iwájú mi, níbi tí ọrùn mi wà gan-an. Mo tẹ họ́ọ̀nù títí. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí irin yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n gbé lé e kí ó má baà máa ta. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n máa kọjá. Kọjá síbo?

Tó bá wá di alẹ́ ńkọ́? Ta ló ń rí ọ̀rá pupa nínú òkùnkùn biribiri? Ẹni tó bá fi ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn wọn, àyà ni yóò fi rí irin náà.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀sì elérò tó ń ti ọjà bọ̀. Bóòtù ṣí sílẹ̀ gbayawu, àpò gààrí, apẹ̀rẹ̀ tòmátì, iṣu, gbogbo rẹ̀ ló yọ síta, rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù ògbólógbòó ni wọ́n fi há a mọ́ra. Mi ò bá àwọn ìyá ọlọ́jà jà o. Ẹni tó ra ọjà gbọ́dọ̀ gbé e délé, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni pèsè fún wọn. Awakọ̀ ni mò ń bá jà, ẹni tó rí i pé ìdí ọkọ̀ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí imú rẹ̀ gbé sókè, tó sì tún ń pe èrò. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, táyà iwájú kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Táyà iwájú yìí kan náà ni sítíárì ń darí, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ẹ ó yí sítíárì, ọkọ̀ á kọ̀, á fẹ́ máa lọ tààrà. Iná iwájú á kọjú sókè, á fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa gba ẹnu bóòtù tó ṣí sílẹ̀ wọlé bá àwọn èrò. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ọmọ tó ń sùn lórí itan ìyá rẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń fà á símú.

Wọ́n sì kọ ìwọ̀n atẹ́gùn tí táyà nílò sára ọkọ̀ fún yín o! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìwé kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: ìwọ̀n atẹ́gùn táyà iwájú, ìwọ̀n ti ẹ̀yìn, lára ọkọ̀ púpọ̀ wọ́n tún kọ ti ìgbà tí ẹrù bá kún. Ta ló ń kà á? Fọganáísà á béèrè pé “Mélòó ni kí n fún un?” Ọlọ́kọ̀ á dáhùn pé “Ṣáà jẹ́ kó le.” Táyà náà fúnra rẹ̀, tòkunbọ̀ ni, wọ́n sì tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i lára. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT: bí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà lórí igbá. Táyà tó ti gbó, tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, tí ẹ tún wá di ẹrù rù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, á gbóná, á sì bẹ́ nígbà tí eré bá pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà lẹ ó máa wá ọ̀tá ilé bàbá yín kiri.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú inú mi ru jù lọ ni ti kọ̀ǹténà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà kan já bọ́ láti orí bíríjì Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó, ó bọ́ lé ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lórí, èèyàn mẹ́ta kú. Gbogbo ìlú pariwo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, kọ̀ǹténà tún wó lu bọ́ọ̀sì elérò. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ọjọ́ Àìkú ni. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án yẹn? Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ni. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. A gbọ́ òwe yẹn ní 2015, a sì tún jẹ́ kí wọ́n pa á fún wa lẹ́ẹ̀kejì níbì kan náà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí kọ̀ǹténà ní ihò. Orí ọkọ̀ tó ń gbé e náà ní irin tó ń wọ inú ihò wọ̀nyí, twist lock ni wọ́n ń pè é. Bí kọ̀ǹténà bá ti jókòó tán, èèyàn á yí irin kọ̀ọ̀kan, irin á há, kọ̀ǹténà àti ọkọ̀ á di ọ̀kan. Ó parí. Kò gba owó, kò gba ẹ̀kọ́ yunifásítì. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 tó bá kún lè wọn tó tọ́ọ̀nù 30, àwọn kan á sì gbé irú rẹ̀ gun bíríjì, á kàn jókòó bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú, wọ́n á tún fi eré yí kọ́nà.

Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn, irin náà ti jẹrà, ọ̀gá ọlọ́kọ̀ kò sì ra òmíràn. Àmọ́ àwọn kan á sọ fún yín lójúkojú pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìyí ni. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, kọ̀ǹténà á dá já bọ́, ọkọ̀ á sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Èèyàn jókòó, ó ro ọjọ́ burúkú tẹ́lẹ̀, ó sì pinnu pé tí ọjọ́ náà bá dé, kí tọ́ọ̀nù 30 lọ wó lé ẹlòmíì lórí, kí ọkọ̀ ọ̀gá òun má baà bàjẹ́. Tó bá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n á káwọ́ lérí, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àmúwá Ọlọ́run wo? Ṣé Ọlọ́run ló ní kí ẹ má yí irin mẹ́rin?

Bíréèkì náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, táńkà epo kan ń gun òkè bíríjì Ọ̀tẹ̀dọlá l'Ékòó, ó yí padà sẹ́yìn, ó ṣubú, epo dà, iná sọ. Wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ ló kọ̀. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án jóná kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná. Títí di òní, mo ṣì ń bá àwọn awakọ̀ pàdé tó jẹ́ pé bí bíréèkì bá ti ń han, orin ni wọ́n ń yí sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi okùn wọ́ ọkọ̀, ó kàn yín. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, sítíárì rẹ̀ á le, bíréèkì rẹ̀ náà á le, torí ẹ́ńjìnnì ló ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìrànlọ́wọ́ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á tán, ó wá di kí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ta wá ni wọ́n ń gbé sídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì! Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n, tí kò ní láísẹ́ǹsì, òun ni kó dá ọkọ̀ tí kò ní agbára bíréèkì dúró lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn tó ń sáré. Okùn kò gùn, àyè kò sí láàárín wọn. Tó bá lọ yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárì á há gádígádí ní ìyànà. Ọmọ ọlọ́mọ ni o. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ẹ bí, ṣé ẹ ó gbé e síbẹ̀?

Nínú ọkọ̀ púpọ̀, ìkọ́ tí wọ́n ṣe fún fífà ọkọ̀ wà nínú bóòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Ihò rẹ̀ wà lára bọ́ńpà lábẹ́ ìdérí kékeré kan, ẹ ó kàn yí i wọlé ni. Wọn kì í wá a rí. Bọ́ńpà ni wọ́n ń so okùn mọ́, tàbí irin ẹsẹ̀ táyà. Okùn á dẹ̀, á tún le gbà lójijì, á dẹ̀, á tún le, níjọ́ tó bá já, á fò padà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá já mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá jẹ́ alẹ́, ẹni tó fẹ́ sọdá á rí àlàfo láàárín ọkọ̀ méjì ní ibi tí gòsìlóò wà, á rò pé ọ̀nà nìyẹn. Kò rí okùn. Ọlọ́kadà náà kò rí i. Wọn kò tan iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú, wọn kò so aṣọ kankan mọ́ okùn náà.

Ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, ẹ má fi okùn wọ́ ọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ́ńjìnnì ló ń mú kí ọ́ìlì yí ká nínú gíà, ẹ́ńjìnnì sì ti kú, gíà á máa yí ní gbígbẹ. Ẹ ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nítorí páńpù epo, ẹ ó wá máa ra gíà. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé e sẹ́yìn. Ó wọ́n, mo mọ̀. Gíà wọ́n jù ú lọ.

Bí ọkọ̀ yín bá sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ewé lẹ ń já sílẹ̀. Síkọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta wà nínú bóòtù yín nítorí ọlọ́pàá, kì í jáde rárá. Ẹ ó wá òkúta ńlá, ẹ ó fi há táyà kó má baà yí. Ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó nu ọwọ́, ẹ ó lọ, òkúta á wà níbẹ̀ láàárín ọ̀nà. Òkúta tó tóbi tó orí èèyàn! Kí ló máa ná yín láti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé a ò mọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ láti 1977, ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lọ́mọ báyìí.

Ẹ̀yin èrò náà, ẹ gbọ́. Bí ìdí bọ́ọ̀sì bá ń wọ́ nílẹ̀, tí bóòtù rẹ̀ ṣí, ẹ má wọ̀ ọ́ torí pé ẹ ń kánjú. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “ẹ ṣe sùúrù” pa yín lẹ́nu mọ́, kí ẹ sì gba owó yín padà. Ẹ̀yin tí ẹ ra irin tàbí pákó, ẹ má ní kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé e nítorí owó ọkọ̀ tó dínkù. Ẹ sanwó ọkọ̀ tó gùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọkọ̀ agbékọ̀ǹténà ní Àpápá, tí ẹ kì í gun ọkọ̀ yẹn fúnra yín, ẹ dìde lọ síbẹ̀ lọ́la kó tó jáde. Ẹ fi ọwọ́ yín yí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ náà sì dúró sínú ọgbà títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.