Àtúnṣe: gbèsè kì í dín kù nítorí pé ó di ẹyọ kan

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá jẹ gbèsè lọ́nà mẹ́ta, kó lọ yá owó ńlá kan fi san gbogbo rẹ̀, gbèsè á sì dín kù lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Iye tí ẹ ó máa san lóṣooṣù ló sábà máa ń dín kù.

Ká ní ìyá kan jẹ ₦300,000 lórí áàpù ayánilówó mẹ́ta, èlé náírà 10 lórí 100 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. ₦130,000 ni yóò máa san lóṣù, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦90,000. Ó wá yá ₦300,000 níbòmíì láti fi pa á rẹ́: náírà 5 lórí 100 lóṣù, oṣù 12, tí wọ́n ń ka èlé lórí odidi owó tó yá, bíi ti àkọ́kọ́. Ó di ₦40,000 lóṣù, ara tù ú. Ṣùgbọ́n èlé ti di ₦180,000! Ayánilówó wo ló máa ka ìyẹn sí i létí?

Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibiṣẹ́ yín bá ń gba èlé táṣẹ́rẹ́, tí ẹ ò sì fa oṣù gùn, ó lè pé yín. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá orí owó tó kù ni wọ́n ti ń ka èlé.

Àwọn kan tún ń fi kún un pé tí apá ò bá ká a mọ́, kí ẹ kó owó yín lọ sí báńkì mìíràn. Ó tì o. Láti 2020 ni ètò GSI (Global Standing Instruction) ti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti jẹ́ kí báńkì tó yá yín lówó lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN.