Ẹ Yé Dúró De Ẹ̀fọ́rí Kí Ẹ Tó Lọ Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, à ń ká ìwé ètò ìsìnkú kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Olóògbé náà ò tíì pé ẹni ọdún 53. Ohun tí wọ́n ní ká tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò wọn ni "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Ọmọ wọn tó gbé iṣẹ́ wá ló sọ bí àìsàn ránpẹ́ náà ṣe rí. Bàbá òun jẹ ẹ̀bà lálẹ́, wọ́n wo bọ́ọ̀lù parí, wọ́n lọ sùn. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìdájí, apá kan ò gbé mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò bá wọn láyé. Rọpárọsẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n dé ọsibítù ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru látọjọ́ pípẹ́.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Bọ̀dá tó ń bá wa gé ìwé fi dáhùn pé: "Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Èmi mọ ara mi. Tí ẹ̀jẹ̀ mi bá ru báyìí, orí mi á ti sọ fún mi. Kò dẹ̀ sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, òun ni mo ṣe pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn tì."

Wọ́n pa oògùn tì! Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù sì ń mi orí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú dánfó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onídìrí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé gboyè. Ó ti sú mi. Ìwé ètò ìsìnkú tí mo ti fọwọ́ ara mi tò pọ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Mi ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa gbogbo wọn o, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ "àìsàn ránpẹ́", ìyá mi ni mo máa ń rántí.

Orúkọ tí a fún àrùn yìí wà lára ohun tó ń tàn wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Lédè wa, ohun tó bá ń ru, a máa ń rí i, a sì máa ń gbọ́ ọ. Òkun ń ru: ará Èkó tó bá ti dàgbà díẹ̀ rántí bí omi Bar Beach ṣe máa ń ya wọ títì Ahmadu Bello ní Erékùṣù Victoria. Inú ń ru: olúwarẹ̀ ò ní lè sùn. Èèyàn wá rò pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, yóò máa hó nínú òun bí omi orí iná. Kò sí ohun tó ń hó. Ẹ̀jẹ̀ ẹni náà kò gbóná ju tẹlòmíì lọ. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan tó ń gbé e lọ ni wọ́n ń wọ̀n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkàn èèyàn ò tóbi ju ìkúùkù olúwarẹ̀ lọ. Ó ń lù tó 100,000 ìgbà lójúmọ́, ó sì ń ti nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Yàrá mẹ́rin ló ní; èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ni ògiri rẹ̀ nípọn jù, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bó bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára tó wà nínú iṣan nígbà yẹn ni iye òkè. Bó bá tú ara sílẹ̀ láti tún gba ẹ̀jẹ̀, èyí tó kù nínú iṣan ni iye ìsàlẹ̀. 120 lórí 80 dára. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye òkè wà ní 140 sókè tàbí tí ìsàlẹ̀ wà ní 90 sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Kí ló dé tí orí kì í sọ̀rọ̀? Torí pé ara ń bá a gbé e ni. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ bá ròkè, àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ á fún ara wọn pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú ọpọlọ má bàa ju bó ṣe yẹ lọ. Ọpọlọ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn olùṣọ́ kan tún wà nínú iṣan ńlá ọrùn, àwọn ló ń sọ fún ara pé ẹ̀jẹ̀ ti ń le jù. Bó bá ti le bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, wọn ò ní wí nǹkan kan mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gba yàrá sí ẹ̀gbẹ́ rélùweè ní Agége. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun ò kùn ún. Tó bá pé ọdún kan, rélùweè á fọn fèrè kọjá lójú fèrèsé, kò ní yíjú padà.

Ní gbogbo ìgbà tí ara fi dákẹ́ yẹn, ògiri yàrá òsì ọkàn ń nípọn sí i bí apá alábàárù, títí iṣẹ́ á fi pọ̀ jù fún un. Iṣan ń le gan-an, ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn iṣan tín-ín-rín tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ìdọ̀tí ń bàjẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Kíndìnrín kì í ké.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹ̀fọ́rí gan-an, torí òun lẹ gbójú lé. Àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè Norway wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà 22,685, wọ́n sì padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá láti béèrè bóyá orí ń fọ́ wọn. Ọdún 2002 ni èsì rẹ̀ jáde. Àwọn tí iye òkè wọn tó 150 sókè ni ẹ̀fọ́rí lásán ṣe ní ìwọ̀nba! Ewu ẹ̀fọ́rí wọn fi 30 nínú 100 dín sí ti àwọn tí tiwọn kò tó 140. Ẹ tún un kà. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru gan-an ni orí ń fọ́ níwọ̀n. Ẹni tó bá wá jókòó pé kí ẹ̀fọ́rí wá pe òun, ta ló fẹ́ pè é? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ti ṣírò rẹ̀ pé nínú àgbàlagbà 100 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kárí ayé, ó lé ní 40 tí kò mọ̀ pé òun ní in. Ṣé gbogbo àwọn yẹn ni ò ní orí lọ́rùn ni?

Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì, Franklin Roosevelt, wọ́n wọn tiẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1944, ó jẹ́ 186 lórí 108. Kò tíì sí oògùn gidi fún un nígbà yẹn. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún díje, ó sì wọlé nígbà kẹrin. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, orí fọ́ ọ lóòótọ́: ó ní ẹ̀yìn orí ń ro òun gidigidi, ó dákú, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ló ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí orí fi máa sọ̀rọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Màámi ta àǹkárá ní Balógun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Obìnrin tó ń gun òkè ilé alájà mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù lórí ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ Àìkú kan, tiwọn jẹ́ 172 lórí 104. Dókítà kọ oògùn amlodipine fún wọn, wọ́n lò ó fún oṣù mẹ́ta, ó wálẹ̀ sí 134 lórí 82. Ni wọ́n bá ní àwọn ti gbádùn. Mo ní, "Màámi, oògùn yẹn ló jẹ́ kó wálẹ̀ o." Wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀, pé ara àwọn dá ṣáṣá. Oṣù mẹ́jọ gbáko, orí ò fọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni. Wọ́n jókòó síwájú dígí, wọ́n ń wé gèlè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń dúró dè wọ́n. Wọ́n fa etí gèlè lápá ọ̀tún, ó bọ́. Wọ́n tún un mú, ó tún bọ́. Ìgbà kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí aṣọ náà, wọ́n rò pé aṣọ ló ń yọ̀. Èmi náà rò pé aṣọ ló ń yọ̀! Mo wá rí ọwọ́ ọ̀tún wọn nínú dígí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi láti pe orúkọ mi, ẹnu ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ahọ́n ti wúwo.

Aládùúgbò kan gbé àdí wá. Òmíràn ní ọfà ni, wọ́n ta á ni. Ẹ̀kẹta fẹ́ da omi sí wọn lẹ́nu, mo gbá ife náà dànù, torí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa lè gba ibẹ̀ kú. Nígbà tí a fi máa já nínú gosiló, tí wọ́n fi máa ya fọ́tò ọpọlọ wọn, wákàtí mẹ́fà ti kọjá. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ wọn pa. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ sígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún èèyàn. Nígbà tí mo ń wá aṣọ tí màá kó lọ bá wọn ní ọsibítù, mo rí páálí oògùn mẹ́ta lábẹ́ gèlè nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò ṣí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Màámi ṣì wà, mo dúpẹ́. Ọdún kẹrin rèé. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń na àǹkárá ní yáàdì-yáàdì yẹn ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi náà ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ń kọ iye tó bá gbé wá sínú ìwé kékeré kan. Ọjọ́ kan wà tí orí fọ́ mi débi pé mo ti iná ṣọ́ọ̀bù pa: 118 lórí 76. Ọjọ́ kan tún wà tí mo ti òde ìyàwó dé láti Sùúrùlérè, mo ti jó, inú mi ń dùn, kò sóhun tó ń dùn mí lára; ìgbà tí mo sùn tí mo jí lọ́jọ́ kejì, kí n tó jẹ nǹkan kan, 162 lórí 101. Bí mo ṣe kọ́kọ́ fura pé èmi náà ní in nìyẹn. Oògùn ni mò ń lò báyìí.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àbá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọkùnrin 143 tí wọ́n ti ṣe sójà rí, tí iye ìsàlẹ̀ tiwọn wà láàárín 115 sí 129. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọdún 1967 ni wọ́n gbé èsì jáde. Nínú àwọn tí kò lo oògùn gidi, jàǹbá ńlá ṣẹlẹ̀ nígbà 27, àwọn mẹ́rin sì kú. Nínú àwọn tó lò ó, jàǹbá méjì péré, ẹnì kankan ò kú. 27 sí 2!

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Bàbá bàbá yín ò lo oògùn rí, wọ́n sì pẹ́ láyé: ta ló wọ̀n wọ́n wò? Pé oògùn náà máa ń di bárakú: kì í ṣe bárakú, àrùn yẹn ló ṣì wà lára, bí ẹ bá fi oògùn sílẹ̀ yóò tún gòkè. Ewúro àti aayù, ẹ máa jẹ ẹ́, kò burú, kò sì lè rọ́pò oògùn. Iyọ̀ lẹ bá dín kù, tòun ti kúùbù tí ẹ ń fọ́ sọ́bẹ̀, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Bí amlodipine bá ń wú yín lọ́rùn ẹsẹ̀, tàbí tí oògùn lisinopril ń mú yín wúkọ́, ẹ padà lọ bá dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà.

Mo gbà pé bó bá ga kọjá 180 lórí 120, orí lè fọ́ àwọn kan lóòótọ́, ojú wọn lè ṣú, àyà lè dùn wọ́n. Ìyẹn ti di eré sísá lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ ká aṣọ kúrò lápá, ẹ má sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ á fi ṣe tán.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún Bọ̀dá ní Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. 178 lórí 106. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Mo fi wọn ara mi lójú wọn, 126 lórí 80. A dúró díẹ̀, mo tún wọn tiwọn: 176 lórí 104. Wọ́n wo iye náà títí iná ẹ̀rọ fi kú. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé orí ń fọ́ yín báyìí?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní tó bá di Ọjọ́ Ajé, àwọn á lọ rí dókítà. Òní ni Ọjọ́rú, wọn ò tíì lọ. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, màá tún pè wọ́n lálẹ́ yìí.