Onírin gbé e lọ. Ibo ló gbé e lọ?

Bí bátìrì ínfátà bá kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí tí tẹlifíṣọ̀n onídìí àtijọ́ kò bá tan mọ́, kò sẹ́ni tó ń da ara rẹ̀ láàmú. A ó gbé e sẹ́yìn ilé, a ó máa retí ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke, tó ń lu irin, tó ń kígbe kọ̀ndẹ́ẹ̀mù irin, fíríìjì tó bàjẹ́, bátìrì tó kú. Á wọ̀n ọ́n, á sanwó, á gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi gbà pé wàhálà pàǹtírí ẹ̀rọ, ti àwọn òyìnbó ni. Àwa kì í da nǹkan nù. Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò ní ẹni tó ń rà á.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́, òun náà ló sì ń tàn wá. Ìròyìn tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2024 sọ pé pàǹtírí ẹ̀rọ tó jáde kárí ayé ní 2022 tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62, 22.3% péré nínú rẹ̀ ló sì ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó o jọ, wọ́n tún un lò bó ṣe yẹ. Ní tiwa, kíkó jọ kọ́ ni ìṣòro. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, bátìrì tí onírin máa fojú fò ṣọ̀wọ́n. Ohun tí a kì í bi í ni pé: èwo lo fẹ́ nínú ẹ̀, kí lo sì fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tú tẹlifíṣọ̀n onídìí kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù gbá ọrùn gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, kí wáyà bàbà tó yí i ká lè bọ́. Bàbà yẹn lówó lórí. Wọ́n á tú trànsífọ́mà, wọ́n á já irin wẹ́wẹ́, wọ́n á ju bọ́ọ̀dù sínú àpò bí ẹni tó ń rà á bá wà nítòsí. Gíláàsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ inú gíláàsì yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ po òjé mọ́, kí ìtànṣán má baà ta jáde sí ẹni tó jókòó tó ń wòran. Kílò òjé kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa wà nínú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo. Gọ́tà ló ń bá lọ, tàbí etí odò. Wáyà tí wọn ò bá ráyè bó, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́ kí rọ́bà rẹ̀ lè jó kúrò kí bàbà ṣẹ́kù. Èéfín dúdú yẹn ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dioxin nínú, á balẹ̀ sórí ilẹ̀, adìyẹ á sì ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀. Ní 2019, wọ́n yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri ní Agbogbloshie wò, níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà ní Accra: ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan péré ti jẹ dioxin tó tó ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àwọn ará Yúróòpù fọwọ́ sí fún àgbàlagbà lóòjọ́.

Nítorí náà, owó inú ẹ̀rọ ni onírin gbé lọ. Májèlé inú rẹ̀ kò kúrò ládùúgbò.

Bátìrì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù. Bátìrì túbúlà 220 kan tí a fi ń gbé iná ilé a máa wúwo tó nǹkan bíi 60 kílò, òjé sì ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rà á kò fẹ́ fi owó òjé ra omi, nítorí náà wọ́n máa ń da ásíìdì rẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, òjé tó ti yọ́ mọ́ ọn ń bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ á kó o. Lọ síbo? Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà jíjìn ni, kó lọ wo Ògìjó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé pọ̀ sí, tí wọ́n ń dà á dì, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n fi ṣe bátìrì tuntun.

Ní 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti àwọn oníròyìn The Examination ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́. Nínú mẹ́wàá, ti méje ní òjé tó lè pani lára. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó yọ. Nínú àwọn ọmọdé tí wọ́n yẹ̀ wò, èyí tó ju ìdajì lọ ní iye tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé ara ọmọ kékeré ń gba òjé ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra àtisọ pé mílíìkì ń pa májèlé òjé. Àwọn tó ń ṣe bátìrì, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń kun mọ́tò, agolo mílíìkì ni wọ́n gbójú lé. Ẹlòmíràn á fi epo pupa lé e. Mílíìkì kò burú. Ẹni tó bá ń jẹun gidi, tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ pé, òjé tó bá gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá èémí wọlé kò gba ikùn kọjá. Èyí tó sì ti wọ egungun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mílíìkì kò ní fà á jáde, epo pupa kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti dókítà ló kù. Ohun tó ń gba ọmọ là ju agolo mílíìkì lọ ni kí bàbá rẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbi iṣẹ́, kó wẹ̀, kó tó wálé gbé e.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé bí a ó ṣe tún un ṣe, onírin ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ lé wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ àdúgbò mọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìjọba Gánà wó Agbogbloshie ní oṣù Keje 2021. Àwọn tó ń sun wáyà kàn fọ́n ká lọ sun ún níbòmíràn ni. Nínú gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ kan gba ọwọ́ wọn kọjá, ọmọ ọmọlanke yẹn ló jẹ èrè tó kéré jù, òun sì nìkan ló gbé nǹkan kan kúrò nílẹ̀.

Òfin gan-an kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti 2011 ni òfin NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, lórí ẹ̀rọ iná ti wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì tún un ṣe ní 2022: ẹni tó ṣe ẹ̀rọ àti ẹni tó kó o wọlé ló gbọ́dọ̀ ṣètò, kó sì sanwó, kí ògbólógbòó rẹ̀ lè padà síbi tí wọ́n á ti tú u láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ní 2018 ni wọ́n dá àjọ kan tó ń jẹ́ EPRON sílẹ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa dá owó náà jọ síbẹ̀. Owó yìí ló yẹ kó ra gíláàsì tí kò sẹ́ni tó fẹ́. Tí gíláàsì bá lówó lórí bíi bàbà, kò sí onírin tó máa jù ú sí gọ́tà.

Tòkunbọ̀ ló ń da èyí rú. Àwọn olùwádìí tó dúró sí èbúté Èkó ní 2015 sí 2016 rí i pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dọọdún. Nǹkan bíi 70% rẹ̀ wà nínú mọ́tò àlòkù, nínú búùtù àti lórí àga ẹ̀yìn. Ó kéré tán, 19% kò ṣiṣẹ́. Láti January 2025, àdéhùn Basel, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí pàǹtírí eléwu, kò gbà kí pàǹtírí ẹ̀rọ kankan sọdá ààlà láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó máa gbà á ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kọ “àlòkù” sí lára kì í ṣe pàǹtírí lórí ìwé. Ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, ẹ̀yin lẹ ń di àwọn mọ́tò kan nínú wọn. Fíríìjì tí ẹ kò tán wò kí ẹ tó tì í wọ búùtù, ẹ̀gbọ́n yín ní Òde Rẹ́mọ ló máa wá onírin fún un. Ẹni tó ń ra òjé Ògìjó lókè òkun láìbéèrè bí wọ́n ṣe yọ́ ọ, òun náà ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Bátìrì tó kú, ẹ tà á ní odindi, ẹ má da omi inú rẹ̀ nù, ẹ má sì gbà kí wọ́n tú u nínú ọgbà yín. Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá á gba ògbólógbòó padà, kó sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà, torí wọ́n mọ iye tí òjé ń jẹ́.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà, lágbára ju ẹnì kan lọ nínú èyí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gbé iná sólà sójú títì fún ìlú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó ta bátìrì ni yóò wá kó o nígbà tó bá kú, kí wọ́n sì dá díẹ̀ dúró nínú owó rẹ̀ títí ọjọ́ náà.