Owó Ọkọ̀ ní Abẹ́òkúta: Ẹ Kọ Ọ́ Sára Pákó

Owó ọkọ̀ tún ti gbéra. Ẹni tó wọ takisí ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbọ́ iye tuntun lẹ́nu awakọ̀ kó tó pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tó ń ti Láfẹ́nwá bọ̀ ní Sàpọ́n gbọ́ iye kan nígbà tó ń lọ, ó gbọ́ òmíràn nígbà tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ohùn kan náà la sì ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ: kí ará ìlú ní sùúrù, epo ló wọ́n, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò ni, ọwọ́ ìjọba kò sí níbẹ̀.

A ò gbà. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá la tún ń sọ: ẹ kọ iye owó ọkọ̀ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì sára pákó, ẹ gbé pákó náà síbi tí gbogbo èrò yóò ti rí i, kí ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò gba ìgbìmọ̀ olùwádìí. Kò gba kí a máa dúró de owó láti Àbújá.

Ẹni tí kò bá ní mọ́tò ló mọ ìdí tí pákó lásán fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Aago méje alẹ́, Pánṣẹ́kẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n, ó gbé ike ata dání, iye tí wọ́n fi gbé e wá lọ́sàn-án ló sì so mọ́ etí ìró rẹ̀. Takisí àkọ́kọ́ rọra ń bọ̀, awakọ̀ yọrí, ó pe ìlọ́po méjì owó ọ̀sán. Èkejì ò tilẹ̀ dúró. Ẹ̀kẹta ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n òun ò dé Ọbáńtokò, Adátán ni òun máa já èrò sí. Ẹni tó bá ń lọ síwájú á tún wọ òmíràn níbẹ̀, á tún san owó òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń gé ojú ọ̀nà kan sí méjì nìyẹn, tí owó kan fi ń di méjì. Obìnrin náà wọlé. Ẹni méjì ti wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, òun ló ṣe ìkẹrin lẹ́yìn, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀, ike ata wà láàárín orúnkún. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ṣéńjì ò sí. Nígbà tí wọ́n dé Adátán, awakọ̀ so obìnrin náà àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí pọ̀ lórí owó bébà kan ṣoṣo, ó wakọ̀ lọ. Àwọn méjèèjì wá ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ń bẹ ẹni tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ. Bí iye owó bá wà lára pákó ní Pánṣẹ́kẹ́, obìnrin yẹn á ní ohun tó lè tọ́ka sí. Ní báyìí, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló ní.

A ò bá awakọ̀ ṣọ̀tá. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí 2024 sì tó parí, ó ti lé ní ₦1,000. Ẹni tó ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, tó ń ra epo, tó ń ra táyà tókúnbọ̀, kò rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ léèrè ohun tó ń ká a lára. Bó bá dárúkọ epo tán, tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójoojúmọ́. Kó tó gbé èrò, wọ́n ti gba tọwọ́ rẹ̀. Kó tó já èrò, ọwọ́ mìíràn ti gba ojú fèrèsé wọlé. Èrò ló ń san owó yẹn. Èló ni lójúmọ́? Ta ló ń kà á? Àpò wo ló ń wọ̀? A ti bi ìbéèrè yìí títí ó ti sú wa, ó sì tọ́ kó sú wa, nítorí owó tí wọ́n ń gbà ní gbangba lójú títì kò yẹ kó jẹ́ àṣírí fún ẹni tó ń san án.

Wọ́n á ní bọ́ọ̀sì ńkọ́. Lóòótọ́, lọ́dún 2023 kan náà, ìjọba Gómìnà Dapo Abiodun fi bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì CNG lọ́lẹ̀, a sì yìn wọ́n nígbà náà. Gáàsì dínwó ju epo lọ, bọ́ọ̀sì ńlá kan sì ń gbé èrò ju takisí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí èrò kò mọ aago tí yóò dé, tí kò mọ ojú ọ̀nà tí yóò gbà, kò wúlò fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nítòsí wa. Láti oṣù Kẹfà 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin ní aago tó ń gbéra, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà ní kíkọ. Èrò á sọ̀ ní ibùdó Wole Soyinka ní Láderin, ara rẹ̀ á balẹ̀, á wá jáde síta, níbi tí kò ti sí iye kankan tó wà ní kíkọ mọ́. Òun àti onítakisí á wá dúró nínú oòrùn, wọ́n á máa ná an bí ẹni ń ná ewúrẹ́.

Nígbà ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun, láàárín 2011 sí 2019, wọ́n fẹ títì ìlú yìí, wọ́n gbé afárá sókè. Ó dára fún ẹni tó ní mọ́tò. Abẹ́ afárá náà ni èrò Kútọ̀ ń sá sí bí òjò bá dé, nítorí a kò rántí pé ẹni tí kò ní mọ́tò náà nílò ìbòji níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má sì wá dábàá fún wa pé kí á fòfin de ọ̀kadà bí Èkó ti ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní 2022. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ àdúgbò wa wà, takisí kò lè gun ibẹ̀, ọ̀kadà ló ń gbé aláboyún sọ̀ kalẹ̀ lóru.)

Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ wà ní Òkè-Mosàn, bí ẹ bá ní ẹ ò mọ iye tí wọ́n ń gbà, ẹ pe ẹni tó ń gbé fáìlì wọ ọ́fíìsì yín. Òun náà há sínú kórópe láàárọ̀ yìí. Ó mọ iye tó san, ó mọ iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní gbé e dé òpin oṣù. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kútọ̀, Láfẹ́nwá, Pánṣẹ́kẹ́ àti Adátán ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìrìnnà pe àwọn awakọ̀ àti àwọn èrò jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye kan, kí tíkẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ ń san lójúmọ́ wà lára pákó kan náà, pẹ̀lú aago tí bọ́ọ̀sì ìjọba ń kọjá. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, akọ̀ròyìn wa yóò lọ sí gáréèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí kò bá sí pákó níbẹ̀, a ó tẹ àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, a ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí tí wọ́n á fi gbé e síbẹ̀.