Kí Sákíìtì Tó Gba Páténtì, Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Kà Á

Bí ẹnì kan bá ya sákíìtì, ìyẹn bí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ iná ṣe so pọ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí ẹlòmíràn ya ọ̀kan náà láti òsì lọ sí ọ̀tún, tó sì fi orúkọ mìíràn pe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú lásán lè máà mọ̀ pé ohun kan náà ni. Iṣẹ́ olùyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ páténtì, tó ń fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ni kó mọ̀. Ní ti àwọn kọnfátà onípele púpọ̀ tó ń yí iná mànàmáná padà, iṣẹ́ yẹn ti kọjá ohun tí ojú àti ọ̀rọ̀ nìkan lè ṣe. Èrò wa ni pé kí àwọn iléeṣẹ́ páténtì sọ ọ́ di dandan: ẹni tó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí irú sákíìtì bẹ́ẹ̀, kó kọ bí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ṣe so pọ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà lè kà, kó sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán àti àlàyé rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Iná tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì ń mú wá jẹ́ DC, apá kan ṣoṣo ló ń ṣàn sí. Èyí tí mọ́tọ̀ iléeṣẹ́ ńlá àti ìlà iná ìlú ń lò jẹ́ AC, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ínfátà lásán ń sọ DC di AC nípa fífò láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí fóltéèjì bá ti ga, fífò yẹn a máa jẹ ìdábòbò wáyà inú mọ́tọ̀, fílítà ńlá ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi fọ iná náà mọ́. Onípele púpọ̀ kì í fò bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn ló ń gùn. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń jáde ṣe ń sún mọ́ ìgbì tó dán.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1975 ni Amẹ́ríkà ti fún Baker àti Bannister ní páténtì lórí ètò tó ń so àwọn ínfátà kéékèèké kọ́ra wọn kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi ìpele tirẹ̀ kún ti èkejì. Ní 1981, Nabae, Takahashi àti Akagi ní Japan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí èyí tó ń fi dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná ṣàn sí apá kan ṣoṣo) di àárín mú, tó ń mú ìpele mẹ́ta wá. Ní 1992, Meynard àti Foch ní ilẹ̀ Faransé gbé èyí tó ń lo kápásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) tó léfòó jáde. Ní 2001 ni Rainer Marquardt kọ ìwé ìbéèrè tirẹ̀ ní Jámánì lórí kọnfátà tí wọ́n ń to módùù rẹ̀ léra. Nígbà tó fi máa di 2010, irú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé iná megawatt 400 gba abẹ́ omi wọ San Francisco lórí ìlà Trans Bay Cable. Ogún ọdún láti ọjọ́ ìbéèrè ni àdéhùn TRIPS ti àjọ ìṣòwò àgbáyé fi lélẹ̀ fún páténtì, nítorí náà ìpìlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti di ti gbogbo ayé. Ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí lónìí ni ẹ̀ka tó yọ lára wọn: yọ súìṣì kan kúrò níbí, fi dáyóòdù kan sí ọ̀hún, pa ti ọdún 1981 pọ̀ mọ́ ti 1992. Nínú ẹ̀ka wọ̀nyẹn, òótọ́ ni pé ọgbọ́n gidi wà. Òótọ́ náà ni pé ohun àtijọ́ tó wọ aṣọ tuntun wà níbẹ̀.

Báwo ni olùyẹ̀wò ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Iléeṣẹ́ páténtì Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ ń lo ètò ìpín kan tó ń jẹ́ CPC, H02M 7/483 sì ni ìsọ̀rí tí wọ́n ń to kọnfátà onípele púpọ̀ sí, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Olùyẹ̀wò á wọ ibẹ̀, á tẹ ọ̀rọ̀ tó ń wá, á sì máa ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń so kọ́ra wọn, tí ilé ìwádìí kan ń pè ní cell (sẹ́ẹ̀lì), òmíràn ń pè é ní submodule, òmíràn ń pè é ní chain-link. Ìwé tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà, Japan tàbí Jámánì wà níbẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ túmọ̀, tí orúkọ ẹ̀yà sì ti yí padà lójú ọ̀nà. Kí a má tíì sọ ti agbẹjọ́rò páténtì, tí kì í pe súìṣì ní súìṣì bó bá ti rí ọ̀nà láti pè é ní “ohun èlò ìdarí ìṣàn àkọ́kọ́”. Ìwádìí tí a fi ọ̀rọ̀ ṣe kò lè mú ohun tí a ti fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó yẹ kí olùyẹ̀wò rí ni kò sì sí nínú àpò páténtì rárá. Inú ìwé ìpàdé àwọn ẹnjiníà ló wà, inú ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló wà. Lójú òfin, ohunkóhun tí gbogbo ènìyàn ti lè rí kí ìwé ìbéèrè tó wọlé ti tó láti fi hàn pé ohun náà kì í ṣe tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń fún olùyẹ̀wò lórí fáìlì kan. Ẹni tí a bá fún ní wákàtí díẹ̀ tí a sì kó àwòrán rẹpẹtẹ tì níwájú, a kò gbọdọ̀ bú u bí èyí tó ń wá bá fò ó lójú. Irinṣẹ́ ló yẹ ká fún un.

Irinṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Láti 1973, nígbà tí SPICE, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán sákíìtì wò, jáde ní Yunifásítì California ní Berkeley, ni àwọn ẹnjiníà ti ń kọ sákíìtì sílẹ̀ bí ìlà ọ̀rọ̀ kúkurú: ẹ̀yà kan, irú tó jẹ́, àti oríta (ibi tí ẹ̀yà ti pàdé) tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé. Súìṣì kìíní wà láàárín oríta kejì àti ìkarùn-ún; kápásítọ̀ wà láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹjọ; bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé òpin. Kò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí ènìyàn fún ẹ̀yà kò já mọ́ nǹkan kan. Bí àkọsílẹ̀ méjì bá jẹ́ ti sákíìtì kan náà, kọ̀ǹpútà á sọ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n da àwòrán ọ̀kan dé. Àwọn tó ń ṣe ṣíìpù (chip) kọ̀ǹpútà ń ṣe irú ìfiwéra yìí kí wọ́n tó rán iṣẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Wọ́n ń fi sákíìtì tí wọ́n rò wé èyí tí wọ́n tò sórí ṣíìpù. Kì í ṣe àlá ọjọ́ iwájú.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí ètò páténtì pẹ̀lú. Ẹni tó bá mú ìhùmọ̀ wá lórí DNA tàbí purotéènì gbọ́dọ̀ fi títò rẹ̀ ránṣẹ́ ní fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, ìlànà ST.26 ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun ìní ọpọlọ, ló ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kárí ayé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé kò sí ojú ènìyàn tó lè fi ẹgbẹ̀rún lẹ́tà wé ẹgbẹ̀rún lẹ́tà. A béèrè: kí ló mú sákíìtì tó ní súìṣì ọgbọ̀n rọrùn fún ojú jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Àwọn kan á sọ pé èyí yóò di ẹrù lórí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. A gbọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà. Kò sí ẹni tó ń ṣe kọnfátà onípele púpọ̀ lóde òní tí kò tíì fi kọ̀ǹpútà dán an wò kó tó kan irin, àkọsílẹ̀ ìsopọ̀ sì ti wà nínú fáìlì ìdánwò yẹn. Kó yọ ọ́ jáde ló kù. Ẹni tí kò bá ní i rárá, a jẹ́ pé kò tíì dán ohun tó ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí wò, ó sì yẹ kí olùyẹ̀wò mọ ìyẹn.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti agbẹjọ́rò: gbólóhùn ẹ̀tọ́, ìyẹn ibi tí ìwé ìbéèrè ti sọ ohun tí ẹ̀tọ́ náà kó mọ́ra, máa ń gbòòrò ju àpẹẹrẹ kan lọ. Bí mo bá kọ “ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì”, mélòó ni kí n fi sínú àkọsílẹ̀? Bí mo bá fi mẹ́rin, ṣé ẹni tó lo márùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn? Ìdáhùn wa ni pé kí òfin kọ ọ́ ní kedere pé ìwádìí ni àkọsílẹ̀ náà wà fún, kò ní dín ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni kù. Kí ẹni náà fi èyí tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́ ránṣẹ́, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà á fi ìyẹn wá ohun tó jọ ọ́, olùyẹ̀wò ni yóò sì dájọ́. Abala 29 àdéhùn TRIPS ti pàṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹni tó fẹ́ páténtì ṣàlàyé ìhùmọ̀ rẹ̀ dé ibi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi lè ṣe é. Sákíìtì tí a kò lè kọ ìsopọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, a kò lè ṣe é.

Nǹkan kejì tí a fẹ́ kí wọ́n máa béèrè kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń bí wa nínú jù ú lọ. Àwọn tó ń kọ irú ìwé ìbéèrè yìí fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn mú ìpele púpọ̀ jáde láti inú súìṣì díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní ẹ̀rọ kan ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó so kọ́ra, súìṣì 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè fi fóltéèjì tirẹ̀ kún un, kó yọ ọ́ kúrò, tàbí kó dákẹ́. Bí fóltéèjì gbogbo wọn bá dọ́gba, ìpele 27 á gba sẹ́ẹ̀lì 13, ìyẹn súìṣì 52. Bí a bá wá lo sẹ́ẹ̀lì 3 péré, tí fóltéèjì wọn jẹ́ 1, 3 àti 9, ìpele 27 kan náà ni yóò jáde láti inú súìṣì 12. Súìṣì 12 dípò 52! Ẹni tó bá ń kánjú á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Súìṣì inú sẹ́ẹ̀lì ńlá gbọ́dọ̀ fara da fóltéèjì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ti sẹ́ẹ̀lì kékeré. Ẹ wá ro ó pọ̀: 4 lọ́nà 1, 4 lọ́nà 3, 4 lọ́nà 9, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dọ́gba ńkọ́? Súìṣì 52 lọ́nà 1: 52 náà ni. Ẹrù náà kò fúyẹ́ rárá, orí àwọn díẹ̀ ni wọ́n kàn kó o lé. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá sì bàjẹ́ nínú mẹ́tàlá tó dọ́gba, wọ́n lè yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí èyí tó gbé 9 bá lọ nínú àwọn mẹ́ta, agbára mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá bá a lọ.

A kò sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò wúlò, ó wúlò níbi tó bá yẹ ẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé iye súìṣì tó dín kù kò tó láti fi hàn pé ẹnì kan ti ronú kọjá ohun tó yẹ kó wá sọ́kàn gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́. Kí olùyẹ̀wò béèrè tábìlì kékeré kan: súìṣì kọ̀ọ̀kan, fóltéèjì tó ń dì mú, àti àròpọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ àtijọ́ tó sún mọ́ ọn jù. Ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn iléeṣẹ́ páténtì Yúróòpù ti fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ tipẹ́ nínú ẹjọ́ T 939/92, tó jẹ́ ti oògùn apakòrikò: àǹfààní tí ènìyàn ń tẹnu mọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé gbà gbọ́ jákèjádò ohun tí gbólóhùn ẹ̀tọ́ rẹ̀ kó mọ́ra. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà náà sọ ọ́ nínú ẹjọ́ KSR ní 2007, pé pípa àwọn ohun tí a ti mọ̀ pọ̀ lọ́nà tí a ti mọ̀, tí kò sì mú ju ohun tí a ti ń retí lọ jáde, kò jọ ìhùmọ̀. Òfin wà, tábìlì tí a ó fi lò ó ni kò sí.

Bí páténtì tí kò yẹ bá ti jáde, ta ló ń san gbèsè rẹ̀? Ní Yúróòpù, oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó níwájú iléeṣẹ́ páténtì fúnra rẹ̀. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá, ilé ẹjọ́ ló kù, owó ilé ẹjọ́ kì í sì í ṣe ohun tí iléeṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ínfátà lè fi ṣeré. Èyí tó pọ̀ jù á kàn fi sákíìtì náà sílẹ̀, á lọ lo ohun tí kò dára tó o, kò sì sẹ́ni tí yóò gbọ́. Lóòótọ́, abala 115 òfin páténtì Yúróòpù fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé sí olùyẹ̀wò láìsan kọ́bọ̀, kó tọ́ka sí ohun àtijọ́ tó mọ̀. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwé ìbéèrè náà wà, ìṣòro ìwádìí tí olùyẹ̀wò ní lòun náà sì ní.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá márààrún, ti Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Japan, Ṣáínà àti Kòríà, mú H02M 7/483 nìkan, kí wọ́n fi ọdún méjì gba àkọsílẹ̀ ìsopọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n sì dín owó ìbéèrè kù fún un. Kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ náà jáde fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè nígbà tó bá pé oṣù méjìdínlógún, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyókù. Kí yunifásítì tó bá ní ìwé àṣekágbá lórí iṣẹ́ yìí fi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ọdún méjì náà, kí wọ́n ka iye ohun àtijọ́ tí ìfiwéra kọ̀ǹpútà bá mú jáde, tí ìwádìí ọ̀rọ̀ kò rí, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà yẹn síta, kí wọ́n sì fi í pinnu bóyá yóò di dandan fún gbogbo H02M, ìpín ńlá tí 7/483 wà nínú rẹ̀.