Ọmọ tí kò wúkọ́ náà lè ní ikọ́ ife

Láti oṣù keje ọdún 2025 tí Amẹ́ríkà ti kógbá USAID, àjọ tí wọ́n fi ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, sílé ni gbogbo wa ti mọ̀ pé ká má gbójú lé owó wọn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ikọ́ ife. Ibi tó ká wa lára jù ni ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, a sì ti ń pariwo rẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó lọ.

Ọmọ ọdún méjì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò. Ṣe ló ń gbé e mì. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wúkọ́. Kókó á so sí ọrùn ọmọ, kò dùn ún, ìyá á máa fi òrí pa á títí á fi bẹ́, tí á máa ṣọyún. Òmíràn ti ń sáré tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹni tó ń sunkún kí wọ́n pọn òun. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ gegele, àwọn ará ilé á máa bi ara wọn pé ta ló gbé e ṣubú. Èyí tó burú jù ni èyí tó bá wọ awọ ọpọlọ. Ibà, èébì, oorun àsùnpara, lẹ́yìn náà gìrì. Gìrì yẹn làwọn èèyàn á dojú kọ, tí wọ́n á máa fún ọmọ ní àgbo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun máa ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ èyí gan-an, àmọ́ kò ní kó má ṣẹlẹ̀ rárá.

Láti ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ìgbẹ́ ọmọ tí wọ́n fura pé ó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣàyẹ̀wò lórí GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, torí kòkòrò inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ọmọ gbé mì máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ tí ìyá ń dà nù láràárọ̀! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi ń béèrè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́?

Ohun tí a ti ń tẹnu mọ́ la tún ń sọ. Bí àgbàlagbà kan bá ti ní ikọ́ ife nínú agboolé, kí òṣìṣẹ́ ìlera dé ibẹ̀, kó yẹ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ wò, kí wọ́n fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ara wọn le ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àìsàn náà dìde. Owó ọ̀kadà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jù. Ẹ̀yin aláṣẹ, ó tó gẹ́ẹ́! Gbogbo ọjọ́ 24 oṣù kẹta, Ọjọ́ Ikọ́ Ife Àgbáyé, lẹ ń wọ ẹ̀wù, tí ẹ ń ya fọ́tò.

Kí ìjọba Kwara ya owó èyí sọ́tọ̀ nínú ìṣúná tó ń bọ̀, kó sì kéde ọsibítù tí ìyá láti Omù-Àrán, Ọ̀fà tàbí Òró lè mú ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ láìdé Ìlọrin.