"Ọmọ Pé Ọdún Méje, Ó Di Ti Bàbá": Òfin Wo Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Níbi ìnáwó kan tí mo lọ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àmàlà ni mo ń jẹ jẹ́jẹ́ mi tí ọkùnrin kan tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán fi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kan tí ọkọ lé jáde ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin náà nu ẹnu, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí obìnrin yẹn máa bá a wo ọmọ lọ. Tó bá ti pé ọdún méje, ọkọ á lọ mú ọmọ rẹ̀. Bí òfin ṣe sọ nìyẹn. Bàbá ló lọmọ." Gbogbo tábìlì mi orí. Ọmọbìnrin kan tó wà lápá òsì mi, tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, yọ ọwọ́ nínú àwo, kò sì jẹun mọ́.

Mo ní, "Bọ̀dá, òfin wo?"

Ó ní, "Òfin Nàìjíríà."

Mo ní, "Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, àṣà wa ni ṣá." Ó sì ní kí wọ́n bá òun fi ẹran kún un.

Ó ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, mo ti gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá tó yẹ kó mọ òfin jù mí lọ. Àwọn obìnrin gan-an ló ń sọ ọ́ fún ara wọn jù. Torí ẹ̀ ni obìnrin ṣe ń jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ń lù ú bí ẹní lu bàrà, kí wọ́n má baà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Torí ẹ̀ náà ni bàbá tí kò fojú kan ọmọ láti ọdún mẹ́ta ṣe ń yọjú lọ́jọ́ ìbí keje bí ẹni tó wá gba ọjà tó ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní ọmọ di ti bàbá nígbà tó bá pé ọdún méje. Kò sí.

Mo mọ̀, torí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá níyà nínú ilé wa.

Awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́. Ìdána ni wọ́n ṣe, wọn ò dé rẹ́jísírì. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, ọkùnrin làkọ́kọ́, obìnrin ṣìkejì. Nígbà tí ilé dàrú, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ ìyá wa. Odidi ọdún mẹ́ta, ọkùnrin náà ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, kò sì pè. Ó di ọjọ́ tí ọmọkùnrin pé ọdún méje, ni wọ́n bá dé: òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé kéèkì dání. Wọ́n jẹ kéèkì tán, wọ́n ní àwọn wá mú ọmọ àwọn. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù ọmọ náà. Kò bá wọn jà, kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tó ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń sọ fún un pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá wa náà ní, "Jẹ́ kó máa lọ, a kì í bá ọlọ́mọ du ọmọ."

Ọ̀dọ̀ bàbá kọ́ ni ọmọ dé. Awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Kánò, tó ń lo ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́sàn-án lójú títì kó tó padà, ibo ni yóò gbé ọmọ sí? Ìyá rẹ̀ ló gbé e fún ní abúlé, màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọmọ tó máa ń gba ipò kejì ní kíláàsì wá di ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé, nígbà tó bá tilẹ̀ lọ. Oṣù mọ́kànlá ló fi wà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó là wá lójú kì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kan ni, oníbàárà mi tó máa ń wá ra aṣọ. Mo ń ráhùn fún un bí mo ṣe ń wọn áńkárá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí bíi pé orí mi ò pé, ó ní: "Ta ló sọ fún yín pé ọmọ ọdún méje di ti bàbá? Ẹ lọ pẹjọ́, jàre."

A lọ. Owó tí a fi gba ìwé ìpẹ̀jọ́ ò tó owó gèlè kan nínú èyí tí mo ń tà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí adájọ́ bi ọkùnrin náà, nítorí inú àwọn ìbéèrè yẹn ni òfin wà. Kò bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Kò bi í pé ta ló san owó orí ìyàwó. Ó ní: Iléèwé wo ni ọmọ ń lọ? Kíláàsì wo ló wà? Ta ló ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀? Tí ara rẹ̀ ò bá yá lóru, ta ló ń gbé e lọ sí ọsibítù? Yàrá mélòó lẹ ní? Ìgbà wo lẹ fojú kàn án kẹ́yìn?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní Pírámárì Kejì ni ọmọ wà. Ọmọ ti wọ Ẹ̀kẹta láti oṣù márùn-ún. Kóòtù pa lọ́lọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n mú ọmọ wá sí ọ́fíìsì òun, ó bá a sọ̀rọ̀ láìsí bàbá níbẹ̀, láìsí ìyá. Ohun tí ọmọ sọ fún un, títí dòní a ò bi í.

Ìdájọ́ ni pé kí ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá. Kí bàbá máa rí i ní Sátidé méjì lóṣù, kó sì máa lo ìdajì ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó máa san owó iléèwé, kó sì máa mú 15,000 náírà wá lóṣooṣù fún oúnjẹ àwọn ọmọ méjèèjì. Oṣù mẹ́rin ló san án déédéé, lẹ́yìn náà ó di ìgbà tó bá wù ú. Ìyẹn, ọjọ́ mìíràn ni a ó sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé àánú ni adájọ́ yẹn ṣe wá. Ẹ wo ohun tó wà lákọsílẹ̀. Àwọn tó bá ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó láṣẹ ìjọba, òfin ìgbéyàwó ọdún 1970 tí àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act ló de tiwọn, Kóòtù Gíga nìkan ló sì lè tú wọn ká. Abala 71 nínú òfin yẹn ní bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá délẹ̀, ire ọmọ ni kí kóòtù fi ṣíwájú ohun gbogbo. Ire ọmọ ni o, kì í ṣe ẹ̀tọ́ bàbá, kì í sì í ṣe ẹkún ìyá. Abala kan náà gba kóòtù láàyè láti gbé ọmọ fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe bàbá tí kì í ṣe ìyá, bó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ẹ sì tún wo abala 57: bí tọkọtaya bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ìkọ̀sílẹ̀ wọn ò ní fìdí múlẹ̀ tán bí kóòtù ò bá kọ́kọ́ rí ètò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nípa ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ náà.

Lẹ́yìn èyí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 dé, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti gbà wọlé. Ọdún 2007 ni ti Èkó. Abala kìn-ín-ní rẹ̀ gan-an, ire ọmọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Abala 69 ní bàbá lè wá béèrè, ìyá náà lè wá béèrè, kí kóòtù wo àlàáfíà ọmọ àti ìwà àwọn òbí kó tó pàṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin yìí pè ní ọmọdé. Nítorí náà, bó bá jẹ́ nọ́ńbà lẹ ń wá, 16 ló wà níbẹ̀, 18 ló wà níbẹ̀. Ẹ wá méje títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù nìyí: bí bàbá àti ìyá ò bá tíì fẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bí ọmọ, òfin 2003 yìí ò kàn gbé àṣẹ lórí ọmọ lé bàbá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti lọ tọrọ rẹ̀ ní kóòtù, tàbí kí òun àti ìyá jọ ṣe àdéhùn. Ẹ fi èyí wé ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó bímọ sílé, pé torí wọn ò rówó orí gbà, ẹnu wọn ò tólẹ̀ lórí ọmọ.

Wọ́n á ní, "Àwa ò dé rẹ́jísírì o, ìbílẹ̀ ni tiwa." Ìbílẹ̀ náà ni ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe parí. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti dá sí i láti ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze. Wọ́n gbà pé nínú ọ̀pọ̀ àṣà ilẹ̀ wa, bàbá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kóòtù ò ní fi àṣà yẹn múlẹ̀ níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára. Ká tilẹ̀ ní ti 1989 ṣì tuntun lójú yín, ẹ padà sí 1932, láyé òyìnbó, nínú ẹjọ́ Edet àti Essien. Ọkùnrin kan ní òun ti san owó orí lórí obìnrin kan láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, nítorí náà àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí fún ọkùnrin mìíràn, tòun ni wọ́n. Kóòtù ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ lòdì sí ẹ̀rí ọkàn. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sọ fún wa pé owó orí kì í ra ọmọ, àwa ṣì ń jẹ àmàlà lé e lórí.

Àwọn kan á fi ẹ̀sìn gbè é. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Ọ̀nà Imaamu Maliki ni a ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, àwọn Maliki sì ní ìtọ́jú ọmọ, èyí tí àwọn ààfáà ń pè ní hàdánà, ọwọ́ ìyá ló wà: ọmọkùnrin títí tó fi máa bàlágà, ọmọbìnrin títí tó fi máa wọlé ọkọ. Bí ìyá ò bá sí tàbí tí kò kúnjú ìwọ̀n, ìyá rẹ̀ ló kàn. Bàbá ló sì máa gbọ́ bùkátà ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀nà mìíràn ni méje wà, bíi ti Hanafi tí àwọn ará Tọ́kì ń tọ̀, ti ọmọkùnrin nìkan sì ni tiwọn pàápàá. Ààfáà tó bá wá ń ka méje fún yín ní Ìsàlẹ̀ Ọjà, ẹ bi í pé ìgbà wo ló di ará Tọ́kì.

Ní ti pé orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́, pé oríkì ìdílé bàbá ni wọ́n ń kì í: ta ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Orúkọ ò ní kó sùn síbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ò pàdánù ogún bàbá rẹ̀; ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 42, kò jẹ́ kí wọ́n fi ipò tí a bí ọmọ sí dù ú ní nǹkan kan. Àwa kan náà sì ni à ń sọ pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tó bàjẹ́ ni ti ìyá, nítorí náà mi ò mọ èyí tí à ń tẹ̀ lé.

Kí àwọn ìyá má sì tíì máa jó. Mo ti jókòó sí kóòtù yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́ta fún bàbá. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ìyá ń gbé ọmọ jù sí, ó di ọjọ́ mẹ́ta kó tó yọjú. Bàbá ní ìyá nílé, ó ní iṣẹ́ tó ń gbé e wálé ní agogo márùn-ún. Adájọ́ ò wo ti pé ọmọ ṣì kéré. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sábà máa ń fi ọmọ kéékèèké sí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ìyá.

Ó dáa, mo gbà: àwọn adájọ́ ìbílẹ̀ kan wà tó ṣì ń tẹ̀ sápá bàbá bí ọmọkùnrin bá ti ń dàgbà, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe é pè lẹ́jọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Nígbà tí a dìde nídìí àmàlà, ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lé mi dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Kò tíì wí nǹkan kan látìgbà náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kóòtù tí ẹ sọ yẹn, ṣé ó pọn dandan kéèyàn ní lọ́yà?" Mo ní àwa ò gbà lọ́yà kankan. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun kọ ibi tó wà síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ tó tutù kọ ọ́. Mo bi í pé ọmọ ti pé ọdún mélòó.

Ó ní, "Ó máa pé méje lóṣù Kọkànlá."